Matthew Lyon, àgbẹ̀ tí wọ́n dìbò fún nígbà tó wà lẹ́wọ̀n

Níbi tí ẹlòmíràn á ti nawọ́ sókè pe Ọlọ́run lẹ́lẹ́rìí, ìbúra ti Matthew Lyon yàtọ̀. "Mo fi akọ màlúù méjèèjì tó rà mí padà búra" ni òun máa ń wí. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, òun ní tirẹ̀ sọ ọ́ di oríkì.

Ìbúra náà nídìí. Agbègbè Wicklow ní ilẹ̀ Ireland, tí kò jìnnà sí Dublin, ni wọ́n ti bí i ní 1749. Ní 1764 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Connecticut, tó ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣùgbọ́n kò ní owó ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn ni pé ọ̀gá ọkọ̀ á gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún olówó kan ní èbúté, olówó á san owó ọkọ̀, ọmọ á sì sìn ín fún iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ká kúkú pè é ní ìwọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà tiwa ń ṣe láyé àtijọ́, èlé lásán ni, owó tí wọ́n yá ṣì wà lọ́rùn. Ti àwọn wọ̀nyí, bí ọdún bá ti pé, gbèsè ti tán. Oníṣòwò kan ní Woodbury ló kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ní Litchfield gba ìyókù ọdún rẹ̀, ọ̀dọ́ akọ màlúù méjì ló sì fi san án.

Nígbà tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ oko ló dojú kọ. Ní 1774 ó kó ìyàwó àti ẹrù rẹ̀ lọ sí apá òkè, sí ibi tí à ń pè ní Vermont lónìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáko ní Wallingford. Ilẹ̀ ìjà ni ilẹ̀ yẹn. New Hampshire ti pín in fún àwọn àgbẹ̀, New York ní tòun ni, ó fẹ́ kí wọ́n tún un rà lọ́wọ́ òun. Àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ sábẹ́ Ethan Allen, wọ́n ń pe ara wọn ní Green Mountain Boys, ẹni tó bá sì fi ìwé New York wá gba ilẹ̀, wọ́n á lù ú padà sílé. Ìyàwó Lyon àti Ethan Allen bá ara wọn tan. Lyon bá wọn ṣe é, nígbà tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀, ó wà lára àwọn tó gba odi Ticonderoga lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún 1775.

Ìṣẹ̀lẹ̀ 1776 la gbọ́dọ̀ dúró sọ díẹ̀, nítorí òun ló bí ìjà tó ń bọ̀. Wọ́n fi Lyon ṣe ọ̀gágun kékeré nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n rán lọ sí Jericho, ìletò kan ní Vermont, níbi tí ọ̀tá lè yọ sí wọn nígbàkígbà. Àwọn ọmọ ogun sọ pé ọkà àwọn onílẹ̀ ńlá làwọn ń ṣọ́, àwọn kò ní kú nítorí rẹ̀, ni wọ́n bá fi ibùdó sílẹ̀. Lyon ní òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Wọ́n kò yọ ọ́ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ náà, ọ̀gágun Gates yọ gbogbo àwọn olórí wọn níṣẹ́. Lyon padà sínú ogun lẹ́yìn náà, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àhesọ kan ti lọ káàkiri, pé wọ́n fún un ní idà onígi kó máa gbé e kiri nítorí ojo. Àhesọ yẹn kò kú mọ́.

Lẹ́yìn ogun ló di ènìyàn ńlá. Ní 1783 ó bẹ̀rẹ̀ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Fair Haven, ó kọ́ ọlọ síbẹ̀, ó kọ́ ilé ìlagi, ilé iṣẹ́ irin àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe bébà. Èèpo igi basswood ló ń fi ṣe bébà náà. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ó fẹ́ Beulah, ọmọ Thomas Chittenden tó jẹ́ gómìnà Vermont. Ẹ má sì rò pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ látòkèdélẹ̀. Òun ni akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó ń gba ilẹ̀ àwọn tó tẹ̀ lé ọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn aṣòfin Vermont sì ní kó kó ìwé ilé ẹjọ́ yẹn wá, ó kọ̀, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ó gbóná lára, ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì, ó sì gbà pé gbogbo ẹni tó bá lọ sí ilé ìwé gíga ń fojú di àgbẹ̀. Ìgbà mìíràn, òótọ́ ni.

Ó díje fún Ilé Aṣojú ìjọba àpapọ̀ léraléra kó tó wọlé. Ní 1793 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní The Farmers' Library. Ní 1797 ló dé Philadelphia, tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà, àárín àwọn Federalist sì ló bọ́ sí, ẹgbẹ́ ààrẹ John Adams. Ẹgbẹ́ Thomas Jefferson ni Lyon ń ṣe. Ọdún tó dé náà ló ti dá wàhálà sílẹ̀. Àṣà wọn ni pé bí ààrẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀, gbogbo Ilé á tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ lọ sílé rẹ̀ láti lọ fún un lésì. Lyon dìde, ó ní kí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ìjọ́sìn bẹ́ẹ̀, ó ní, àṣà ilé ọba ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yọ ọ́ sílẹ̀ nínú ètò náà tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1798 ni ìjà bẹ́. Lyon dúró, ó ń bá olórí Ilé sọ̀rọ̀, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń sọ pé àwọn aṣojú Connecticut kò ṣojú àwọn ará ìlú wọn, pé bí òun bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, òun á yí gbogbo wọn padà. Roger Griswold, ọmọ Connecticut, gbọ́. Ó bi í bóyá idà onígi yẹn ló máa fi bá wọn jà. Lyon tu itọ́ sí i lójú.

Wọ́n fẹ́ lé e kúrò nílé aṣòfin. Ìdìbò já sí 52 sí 44, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin sì béèrè, nítorí náà ó ku díẹ̀ káàtó. Griswold kò dúró de ìdìbò mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, Lyon jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, Griswold bá a níbẹ̀, ó sì fi ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lórí àti lápá. Lyon sáré síbi ìdáná, ó fa ẹ̀mú iná yọ, àwọn aṣòfin méjèèjì sì wà á kò nínú ilé, wọ́n ń yí nílẹ̀ títí tí wọ́n fi fà wọ́n ní ẹsẹ̀ láti là wọ́n. Ayàwòrán kan yà á, àwòrán náà sì wà di òní. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe òfin ìlú nìyẹn.

Faransé ń gba ọkọ̀ òkun àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ìbẹ̀rù ogun wà nílùú, àwọn Federalist sì rí àyè. Ní oṣù Keje wọ́n gbé òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ wá. Ìdìbò 44 sí 41 ni wọ́n fi gbà á wọlé nílé aṣojú, Adams sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Ẹni tó bá kọ ohun tó jẹ́ irọ́ àti ìbàjẹ́ nípa ìjọba, nípa ààrẹ tàbí nípa Ilé Aṣòfin, láti sọ wọ́n di ẹni ìkórìíra, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ó sì lè san tó 2,000 dọ́là. Ẹ kíyè sí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Igbákejì ààrẹ ni Jefferson nígbà náà, ọ̀tá wọn sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ bú u lè máa bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú òfin náà pé yóò kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1801, ìyẹn ọjọ́ tí sáà Adams ń parí gan-an, kó má baà di pàṣán lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lyon ti mọ̀ pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ní Rutland ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá jẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìwé méjì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ìwé kìíní jẹ́ lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ìwé ìròyìn kan ní Windsor, láti fèsì fún ẹni tó bú u níbẹ̀. Ó ní bí òun bá rí ààrẹ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìtura ará ìlú, òun á tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí òun bá rí i pé lílépa agbára, òùngbẹ fáàrí tí kò nídìí, ìpọ́nni òpònú àti ojúkòkòrò ti gbé ire ìlú mì, òun kò ní í kúnlẹ̀ fún un. Ìwé kejì jẹ́ lẹ́tà Joel Barlow, akéwì ọmọ Connecticut tó wà ní Paris, tó ní èsì tó yẹ kí Ilé Aṣòfin fún ọ̀rọ̀ ààrẹ ni pé kí wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé wèrè. Lyon máa ń kà á síta níbi ìpàdé ìpolongo ìbò.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ni Lyon kọ lẹ́tà tirẹ̀. Òfin kò ì tíì wà. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ni ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ọjọ́ 17 tí Adams ti fọwọ́ sí i. Nítorí náà àgbẹ̀ kan kọ ọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo ti ka ẹjọ́ yìí léraléra, ibí yìí ni mo máa ń dúró sí.

Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ni William Paterson ti ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí láyé ìgbà yẹn àwọn adájọ́ ibẹ̀ máa ń gun ẹṣin káàkiri gbọ́ ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀. Ọmọ Ireland ni òun náà, àwọn òbí rẹ̀ gbé e wá ní kékeré. Charles Marsh ni agbẹjọ́rò ìjọba. Lyon kò rí agbẹjọ́rò tó dúró tì í, ó dìde rojọ́ fúnra rẹ̀, ohun mẹ́ta ló sì tò sílẹ̀: pé òfin náà tako ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, pé kò sí èrò ibi nínú ohun tí òun kọ, àti pé òótọ́ ni.

Ìkẹta yìí ló dùn jù. Òfin náà gbà kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn fi hàn pé òótọ́ lòun sọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀rí gbe pé ẹnìkan fẹ́ràn fáàrí? Lyon wo iwájú wo ẹ̀yìn, kò rí ẹlẹ́rìí mìíràn ju adájọ́ lọ. Ó yíjú sí Paterson, ó bi í bóyá kì í bá ààrẹ jẹun, bóyá kò sì rí fáàrí rẹ̀ níbẹ̀. Adájọ́ dáhùn pé ìgbà díẹ̀ lòun bá a jẹun, àti pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ tí kò ní àṣehàn lòun rí. Lyon kò fi mọ síbẹ̀. Ṣé adájọ́ kò rí àṣehàn àti ìránṣẹ́ níbẹ̀ ju ti ilé oúnjẹ Rutland tó wọ̀ sí yìí lọ? Paterson dákẹ́.

Nígbà tó ń bá ìgbìmọ̀ ará ìlú tó máa dá ẹjọ́ sọ̀rọ̀, Paterson sọ fún wọn pé bóyá òfin náà bá òfin ìpìlẹ̀ mu tàbí kò bá a mu kò kàn wọ́n, pé òfin ni títí ilé ẹjọ́ tó tọ́ yóò fi sọ pé kì í ṣe òfin. Ṣé ó tẹ̀ ẹ́ jáde? Ṣé ó ní èrò ọ̀tẹ̀ lọ́kàn? Ìyẹn nìkan ni kí wọ́n dáhùn. Wọ́n wọlé lọ, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà wọ́n padà wá, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Lyon kọ̀wé lẹ́yìn náà pé láti àwọn ìlú tí àwọn ọ̀tá òun pọ̀ sí ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin, owó ìtanràn 1,000 dọ́là, àti owó ilé ẹjọ́ 60 dọ́là ó lé 96 sẹ́ǹtì. Kò gbọdọ̀ jáde títí yóò fi san án tán, kódà bí oṣù mẹ́rin bá pé. Ilé aṣòfin tí wọ́n ti ń pè é ní "ẹranko Vermont" ni wọ́n ti lérò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán.

Ẹ̀wọ̀n wà ní Rutland, ibi tí wọ́n ti dájọ́. Akódà ilé ẹjọ́ tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá kò fi í síbẹ̀, ó gbé e lọ sí Vergennes, ìrìn tó ju 40 máìlì lọ. Yàrá kan ni, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16, fífẹ̀ rẹ̀ 12. Ibi tí àwọn olè àti àwọn tó sá níṣẹ́ ń gbé ni. Ṣáláńgá wà ní igun kan, Lyon ní òórùn rẹ̀ dà bíi ti èbúté Philadelphia nínú oṣù Kẹjọ. Fèrèsé kékeré onírin, kò sí gíláàsì lójú rẹ̀, kò sí ibi ìdáná, oṣù Kẹwàá ní Vermont sì kì í ṣe eré: yìnyín ti ń bọ̀. Ó kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà sí Stevens Thomson Mason, sẹ́nétọ̀ Virginia, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e kiri orílẹ̀-èdè.

Àwọn àgbẹ̀ Green Mountain gbéra. Wọ́n fẹ́ wó ilé ẹ̀wọ̀n náà lulẹ̀, wọn kò sì sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bani lásán, nítorí àwọn wọ̀nyí ti gba odi lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí. Lyon ló dá wọn dúró láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n lọ fi ìbò sọ tiwọn. Ọkùnrin tó tutọ́ sí ènìyàn lójú nílé aṣòfin ló sọ̀rọ̀ yìí o. Èmi kò lè sọ ohun tó yí i padà, bóyá òtútù ni, bóyá ó ti rí ọ̀nà tó jù ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Ìdìbò àkọ́kọ́ sí Ilé Aṣojú lóṣù Kẹsàn-án kò fún olùdíje kankan ní ju ìdajì lọ, wọ́n ní láti tún un dì ní oṣù Kejìlá. Lyon wà nínú yàrá yẹn nígbà tí wọ́n ń dì í. Ó rí ìbò 4,576, ẹni tó tẹ̀ lé e rí 2,444.

Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Àlùfáà kan, John Ogden, gbé e dé ọ̀dọ̀ ààrẹ ní Philadelphia. Adams béèrè bóyá Lyon fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Rárá. Ó ní ìrònúpìwàdà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìdáríjì, ó sì dá ìwé padà. Bí Ogden ṣe ń padà bọ̀, wọ́n mú un sí àtìmọ́lé nítorí gbèsè. Anthony Haswell, tó ń tẹ ìwé ìròyìn ní Bennington, fi ìpolówó tẹ́tẹ́ lọ́tìrì kan síta láti fi kó owó ìtanràn Lyon jọ, ó sì fi àwọn tó ni ín lára bú nínú rẹ̀. Òfin kan náà gbé òun náà: oṣù méjì lẹ́wọ̀n, 200 dọ́là.

Owó pé láìsí lọ́tìrì. Àwọn ará Virginia dá owó, àwọn ará Vermont dá tiwọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 1799, ilẹ̀kùn ṣí. Lyon ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ tún un mú nítorí ohun mìíràn tó kọ, nítorí náà kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó kígbe ni pé òun ń lọ sí Philadelphia. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan, nítorí òfin kò gbà kí wọ́n mú aṣòfin tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a rìn lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kí i lábúlé dé abúlé. Àwọn Federalist tún gbìyànjú láti lé e kúrò nílé aṣòfin. 49 sí 45. Kò tó.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ìdìbò ààrẹ 1800 já sí ọ̀mì láàárín Jefferson àti Aaron Burr, 73 sí 73, Adams ní 65. Ó di ọ̀rọ̀ ilé aṣojú, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan péré. Ìpínlẹ̀ 16 ló wà, mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wá. Ọkùnrin méjì ló ń ṣojú Vermont: Lewis Morris, ẹni Federalist, àti Lyon. Bí Morris bá fà síhìn-ín, Lyon á fà sọ́hùn-ún, ìbò Vermont á sì di òfo. Wọ́n dì í nígbà 35 láti ọjọ́ 11 oṣù Kejì, Jefferson kò kúrò lórí mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 17, Morris dìde jáde. Lyon nìkan ló kù fún Vermont. Maryland náà yí, Jefferson sì gba ìpínlẹ̀ mẹ́wàá.

Lyon fọ́nnu lórí èyí títí ó fi kú, pé òun ló fi Jefferson jẹ. Àsọdùn wà níbẹ̀. James Bayard ti Delaware ló tú ìdè náà nígbà tó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò bá wọn jà á mọ́, bí Morris kò bá sì jáde, Lyon ì bá jókòó síbẹ̀ títí di ìdìbò ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n aga Vermont tí Lyon jókòó lé lọ́jọ́ náà, yàrá Vergennes ló ti gbà á.

Ó kó lọ sí Kentucky lọ́dún yẹn, sí Eddyville, ó padà sílé aṣojú láti ibẹ̀ ní 1803, ó sì wà níbẹ̀ di 1811. Ó tako ogun pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú fi ìbò lé e. Iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ogun tó gbà lẹ́yìn náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní 1820 ààrẹ Monroe fi í ṣe alábòójútó ilé ìtajà ìjọba fún àwọn Cherokee ní Arkansas. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó tún díje níbẹ̀ láti di aṣojú Arkansas ní ilé aṣòfin. Díẹ̀ ló fi já. Ó kú ní Spadra Bluff ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1822.

Ọmọ rẹ̀, Chittenden Lyon, náà di aṣòfin, orúkọ ọmọ yẹn ni ẹkùn Lyon ní Kentucky ń jẹ́. Àwọn ìdílé rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó ìtanràn náà sùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1840, ọdún 42 lẹ́yìn ìdájọ́ Rutland, Ilé Aṣòfin gbà kí wọ́n san 1,060 dọ́là àti 96 sẹ́ǹtì padà fún wọn, pẹ̀lú èlé.